Ọjọ́ mẹ́fà ní Òkè-Ògùn pẹ̀lú píkọ́ọ̀pù: táyà, nọ́ọ̀tì àti omi rẹdiétọ̀

Ọjọ́ Kìíní, Ajé: Mọníyà sí Ìsẹ́yìn

Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà. Wọ́n ní owó ọkọ̀ táwọn ń san fún ẹrù láti Ṣakí ti fẹ́ẹ̀ jẹ èrè àwọn tán, ṣé mi ò lè gbé àwọn lọ kí àwọn fojú ara àwọn rí ọjà náà? Èmi àti Dàmọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-ìwé girama, la jọ bá wọn lọ. Hilux mi la gbé, ti ọdún 2008, elépo bẹntiróòlù. Ó ti gbó, àmọ́ ó lágbára, mo sì fẹ́ràn rẹ̀.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ la jí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fẹ́ kí Dàmọ́lá mọ̀ pé àárọ̀ kùtù, kí ẹ́ńjìnì tó gbóná, la ti ń yẹ ọkọ̀ wò. Ó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ó nù ún, ó tì í padà, ó tún fà á yọ: ọ́ìlì wà láàárín àmì méjèèjì. Omi rẹdiétọ̀ kún. Ọ́ìlì búréèkì kò dín. A wọn afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a sì fi wé ohun tí wọ́n kọ sára ìwé pélébé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Táyà tí a bá wọn lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti sáré, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á ti gbóná, iye tí géèjì máa sọ á ju òótọ́ lọ.

Ìkarùn-ún ńkọ́, èyí tó so mọ́ abẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn? Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ gbá a, mo ní ó le, a sì lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọ̀nà Mọníyà sí Ìsẹ́yìn, nǹkan bíi kìlómítà 65, ti dára láti ìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti tún un ṣe. A gba Ìjàyè kọjá, ìlú Kúrunmí tí ogun fọ́ ní 1862. Àǹtí ń ka oríkì àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ fún Dàmọ́lá, èmi ń wo ojú ọ̀nà. Ọyẹ́ mú gan-an, eruku pupa bo ewé igi gbogbo.

Kò tíì tó aago mọ́kànlá tá a fi dé Ìsẹ́yìn. Àǹtí ní ẹni kan tí wọ́n fẹ́ rí nípa owó, ìdí nìyẹn tá a fi sùn síbẹ̀. Èmi àti Dàmọ́lá lọ jókòó ti àwọn tó ń hun aṣọ òkè. Ọ̀kan nínú wọn, bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa, ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú wa láìwo ọwọ́ ara rẹ̀, òwú ò sì já lẹ́ẹ̀kan. Àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú àti ẹran méjì jẹ́ ₦2,000. Ó dùn débi pé mo tún sọ ọ̀kan sí i.

Ọjọ́ Kejì, Ìṣẹ́gun: Ìsẹ́yìn sí Ṣakí

A kúrò ní Ìsẹ́yìn ní aago méje. A kọjá Ìpàpó, a kọjá Ọ̀tù. Àwọn obìnrin Fúlàní ń ta wàrà lẹ́bàá ọ̀nà, Àǹtí ra ti ₦1,000, wọ́n ní a máa din ín bá a bá dé Ṣakí. Ọ̀nà dára níbì kan, ó burú níbòmíràn. Ibi tó dára gan-an ló ń tan awakọ̀ jẹ, torí bó o bá ti ń gbádùn eré báyìí ni kòtò á yọ sí ọ.

Nígbà tí a kọjá Òkàká díẹ̀, ìdí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Mo kọ́kọ́ rò pé atẹ́gùn ni. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ, gbù-gbù-gbù, lápá ọ̀tún lẹ́yìn. Mi ò tẹ búréèkì. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tòtù, mo di sítíárì mú ṣinṣin, mo jẹ́ kí ọkọ̀ máa rá eré rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, mo wá rọra yà kúrò lórí títì. Bí táyà ẹ̀yìn bá jò lórí eré, tí èèyàn wá fi ìbẹ̀rù tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, ọkọ̀ lè yí. Mi ò dúró níbi tí mo kọ́kọ́ rí. Mo wọ́ ọ lọ díẹ̀ sí iwájú, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tó sì le, tí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á ti rí wa lókèèrè. Mo mọ̀ pé ríìmù lè jìyà ẹ̀, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn.

Ìṣó tó gùn tó ìka mi ló wọlé sí táyà náà. Ó ti sùn pátápátá.

Mo ní kí gbogbo wa sọ̀kalẹ̀. Dàmọ́lá gbé C-caution, ó ka ìgbésẹ̀ àádọ́ta sẹ́yìn, ó gbé e kalẹ̀ síbẹ̀. Àǹtí ṣẹ́ ewé, wọ́n tò ó sójú ọ̀nà lẹ́yìn C-caution náà, torí àwọn awakọ̀ wa mọ ohun tí ewé lójú títì túmọ̀ sí. Mo fa háńbúréèkì, mo fi ọkọ̀ sí jíà kìíní, mo sì ní kí Dàmọ́lá wá òkúta ńlá méjì. A fi ọ̀kan dí iwájú táyà iwájú apá òsì, a fi èkejì dí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó dojú kọ èyí tó jò ní ìdábùú ni à ń dí, nítorí ohun náà ló máa dúró sórí ilẹ̀ tí yóò di ọkọ̀ mú.

Dàmọ́lá ti gbé jáàkì jáde lẹ́yìn ìjókòó, ó fẹ́ máa gbé ọkọ̀ sókè. Mo ní kó dúró. Nọ́ọ̀tì là ń kọ́kọ́ dẹ̀, nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀. Bí o bá gbé e sókè tán kí o tó máa bá nọ́ọ̀tì jà, táyà á máa yí, ọkọ̀ á máa mì lórí jáàkì, ó sì lè já. Nọ́ọ̀tì Hilux yìí jẹ́ mẹ́fà, sípánà 21 ló ń ṣí i. A ò ní yọ wọ́n o, kí a kàn dẹ̀ wọ́n ní ìlàjì yíyí, sí ọwọ́ òsì.

Kò sí èyí tó mì. Ẹ̀rọ oníafẹ́fẹ́ ni wọ́n fi dì wọ́n nígbà tí mo ṣe búréèkì ní Ìbàdàn. Dàmọ́lá gun orí sípánà, ó fo lé e, kò mì. Mo fa páìpù irin kan jáde nínú ọkọ̀, ó gùn tó apá mi, mo kì í bọ ọwọ́ sípánà. Bí ọwọ́ sípánà ti gùn sí i, agbára wa pọ̀ sí i. Nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ ké bí ẹni pé wọ́n gún un, ó sì dẹ̀. Páìpù ọ̀hún, ₦800 ni mo rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ra irin àlòkù. Bí ẹ ò bá ní irú rẹ̀ nínú ọkọ̀ yín, ẹ tètè wá a.

Ó wá kan sípíà táyà. Ihò kékeré kan wà létí bọ́ńpà ẹ̀yìn, ibẹ̀ là ń ki ọ̀pá gígùn bọ̀, tí a ó wá yí i sọ́wọ́ òsì kí ṣéènì lè máa sọ táyà kalẹ̀. Mo yí i. Ó yí ní ìlàjì, ó dúró. Mo dá a padà, mo tún yí i, ó dúró. Ìpẹtà ti mú ṣéènì náà mọ́ ibi tó ká sí. Ó tó ọdún méjì tí mi ò sọ táyà yẹn kalẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, ìbànújẹ́ mú mi, torí pé àná ni mo fọwọ́ gbá a tí mo sì ní ó le.

Ẹnì kan tó gun ọ̀kadà kọjá wa, ó yí padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó di àdá àti kẹ́ẹ̀gì omi sẹ́yìn, oko ló ń lọ. Ó kí Àǹtí, ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn lójú títì níbẹ̀. Ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, karosín nìkan ló máa bá a sọ̀rọ̀." Ó gbé Dàmọ́lá sẹ́yìn, wọ́n lọ sí abúlé kan tí mi ò tilẹ̀ rí láti ojú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n máa dé, wọ́n mú karosín wá nínú ìgò, wọ́n sì tún gbé pọ́ǹpù ẹlẹ́sẹ̀ lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà ọ̀kadà. Kò sẹ́ni tó ní kó mú pọ́ǹpù wá. Ó ní òun wo táyà náà kí òun tó lọ, òun sì rò ó pé kò lè ní afẹ́fẹ́.

A da karosín sí ibi tí ṣéènì ká sí, a dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ń fi òòlù kan án jẹ́jẹ́, èmi ń yí ọ̀pá síwájú sẹ́yìn. Ó tú lójijì. Táyà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, Àǹtí sì pàtẹ́wọ́. Mo fi géèjì wọ̀n ọ́n: 12. Ó yẹ kó ju 30 lọ.

A fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ ní àfigbàra. Ènìyàn á tẹ̀ ẹ́ ní igba ìgbà, á fún ẹlòmíràn. Ó dé 28, ẹsẹ̀ wa ò ká a mọ́.

Jáàkì wá kàn. Ilẹ̀ náà le lójú, àmọ́ yanrìn wà lábẹ́ rẹ̀, mo sì ti rí jáàkì tó wọlẹ̀ bí ẹni rì sínú omi rí. Pákó pẹlẹbẹ kan wà nínú ọkọ̀ mi, òun la tẹ́ sílẹ̀ kí a tó gbé jáàkì lé e. Fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Hilux, abẹ́ irin ńlá tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ ni jáàkì ń wọ̀, ní ẹ̀bá táyà tó jò. Ẹ má gbé e sábẹ́ pánẹ̀ẹ̀lì, á ya. Bí táyà ti kúrò nílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì, mo ní ó tó. Sípíà tó ní afẹ́fẹ́ nínú ga ju èyí tó sùn lọ, nítorí náà a tún fi díẹ̀ sí i. Bí mo ti yọ èyí tó jò báyìí, mo yí i sábẹ́ ṣáásí. Tí jáàkì bá yẹ̀, orí táyà yẹn ni ọkọ̀ á jókòó lé, kì í ṣe orí apá ènìyàn. Mi ò gbà kí Dàmọ́lá ki ọwọ́ bọ abẹ́ ọkọ̀ rárá.

Ó fẹ́ fi ọ́ìlì pa ojú bóòtù kí nọ́ọ̀tì lè wọlé dáadáa. Mo kọ̀. Ọ́ìlì á jẹ́ kí nọ́ọ̀tì lọ kọjá ibi tó yẹ, bóòtù á fà, ó sì lè já. Ojú nọ́ọ̀tì tó ṣe gọńgọ ló ń kọjú sí ríìmù. Ọwọ́ la kọ́kọ́ fi yí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọlé. Lẹ́yìn náà la wá fi sípánà dì wọ́n, èyí tó wà lókè, ká bọ́ sí èyí tó kọjú sí i nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ títí dé orí ìkẹfà. A sọ ọkọ̀ kalẹ̀, a wá dì wọ́n ní ìdì ìkẹyìn, láìlo páìpù. Agbára apá tó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ owó. Àǹtí ki ₦2,000 bọ̀ ọ́ lápò, wọ́n ní owó epo ọ̀kadà rẹ̀ ni. Ó da ₦1,000 padà. Kí ó tó lọ, òun gan-an ló kó àwọn ewé àti òkúta kúrò lójú títì. Ọ̀pọ̀ wa ló ń gbàgbé ìyẹn. Òkúta tí a fi sílẹ̀ lọ́sàn-án ni ọlọ́kadà á kọlù lóru.

Mo wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́, 50 sí 60, dé Àgọ́-Àrẹ. Fọkanáísà kan fi afẹ́fẹ́ kún sípíà dé iye tó yẹ. ₦300. Aago mẹ́rin kọjá ká tó wọ Ṣakí. A din wàrà, a jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀kọ, a sì sùn.

Ọjọ́ Kẹta, Ọjọ́rú: Ṣakí

Àǹtí ní àwọn fẹ́ dé ọjà kí oòrùn tó là. Kọ́ńgò èlùbọ́ tó dára jẹ́ ₦1,800 níhìn-ín, ó sì ti di ₦2,600 ní Bódìjà. Mo wá rí ìdí tí wọ́n fi fẹ́ wá. Wọ́n máa ń bu èlùbọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á fi ìka kejì lọ̀ ọ́, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á wá wo ojú ẹni tó ń tà á. Àpò mẹ́rin ni wọ́n rà.

Fọkanáísà tá a gbé táyà fún yọ ìṣó náà fún mi. Ó bi mí bóyá kí òun fi rọ́bà dí i láti ìta, tàbí kí òun tú táyà kúrò lára ríìmù kí òun lẹ pààṣì sí i nínú. Ti ìta yá, ₦1,000. Ti inú ₦2,500. Ọkọ̀ tó máa ru ẹrù ni, mo ní kó ṣe ti inú. Bó ti tú u, ó fi hàn mí pé etí táyà nínú ti bẹ̀rẹ̀ sí í họ díẹ̀ nítorí eré díẹ̀ tí mo fi wọ́ ọ nígbà tó ti sùn. Ó ní ó ṣì dára. Ó da omi ọṣẹ sí i lẹ́yìn tó fẹ́ ẹ, kò sí hóró ìfóòfó kan.

Òun náà ló kọ́ Dàmọ́lá bí a ti ń ka ọjọ́ orí táyà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níparí. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Dàmọ́lá ka ti táyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀: 2322, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2022. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ sídìí sípíà, ó pẹ́ níbẹ̀, ó fọwọ́ nu eruku kúrò, ó ní, "Bùrọ̀dá, 1114 ni wọ́n kọ síbí." Ọdún 2014. Orí rẹ̀ ṣì ga, ìlà rẹ̀ ṣì jinlẹ̀ bí tuntun, ṣùgbọ́n rọ́bà ara rẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ tí ọ̀dá pa. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti máa ń kìlọ̀ fún wa pé táyà tó ti lé ní ọdún mẹ́rin kò yẹ lójú títì. Òun la fi rìn lánàá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mi ò sáré.

Àǹtí ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá àwọn gbé àpò. Mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ fọkanáísà kó dá táyà tí wọ́n lẹ̀ padà sí àyè rẹ̀. Mi ò dúró wò ó.

Ọjọ́ Kẹrin, Ọjọ́bọ̀: Ṣakí sí Ìgbòho

Kí ẹ tó kúrò ní Ṣakí lápá yìí, ẹ ra omi, ẹ ra epo kún tánkì, torí ilé epo ò sún mọ́ra mọ́ lẹ́yìn ibẹ̀. A gba Àgọ́-Àmọ̀dù. Igi igbá àti igi ẹ̀mì pọ̀ lọ́tùn-ún lósì, osè sì ń dá dúró káàkiri bí àgbàlagbà.

Ká tó dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni mo gbọ́ ohùn kan: kọ̀, kọ̀, kọ̀. Bí mo bá sáré, á yára. Bí mo bá rọra, á rọra. Ohùn tó bá ń tẹ̀lé eré ọkọ̀ báyìí, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo ẹ́ńjìnì. Mo dúró. Dàmọ́lá dé ìdí táyà ẹ̀yìn ọ̀tún ṣáájú mi, ó kígbe. Nọ́ọ̀tì kan ti lọ. Mẹ́rin ti dẹ̀ débi pé ọwọ́ ni mo fi yí wọn. Ẹyọ kan péré ló ṣì le.

Àyà mi já gidi. Mo jókòó sórí òkúta fún ìgbà díẹ̀. Àǹtí ò sọ nǹkan kan, wọ́n bu omi fún mi.

A tún ṣe gbogbo rẹ̀: C-caution, òkúta, jáàkì. Nígbà tí mo yọ táyà náà, mo rí ohun tó fà á. Eruku àti amọ̀ gbígbẹ wà láàárín ríìmù àti ibi tó fi ẹ̀yìn tì, ọmọ iṣẹ́ náà kò nù ún. Nọ́ọ̀tì le lórí amọ̀, ọkọ̀ rìn, amọ̀ fọ́ sí lẹ́búlẹ́bú, àyè sì ṣí sílẹ̀. A fi àkísà nu ojú méjèèjì mọ́ títí irin fi ń dán. Bóòtù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì pé, ojú wọn kò fọ́. A fi nọ́ọ̀tì márùn-ún dì í. Bí gbogbo nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ kan bá sọnù lójú ọ̀nà, ẹ yọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan lára ẹsẹ̀ mẹ́ta yòókù, ẹ fi mẹ́ta yẹn rọra dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó bá sún mọ́ yín jù lọ. Òun náà yàtọ̀ sí kí ẹ sùn sínú igbó.

Láti ìsinsìnyí lọ, òfin mi nìyí: táyà yòówù tí wọ́n bá tú, ìbáà jẹ́ èmi ni mo dì í, mo máa dúró lẹ́yìn kìlómítà 50, mo máa tún fi sípánà tẹ gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ wò. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lánàá sí òní, kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ wò.

Ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, mẹkáníìkì kan tú àgolo nọ́ọ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ lórí àpò, òun àti Dàmọ́lá ń wá èyí tó bá a mu. Wọ́n rí ọ̀kan. ₦500. Ìyàwó rẹ̀ gbé iyán fún wa, ọbẹ̀ ilá àti irú, kò sì gbà kí a sanwó iyán.

A wọ Ìgbòho ní ọ̀sán. Mo fẹ́ kí Dàmọ́lá mọ̀ pé ìlú yìí ti jẹ́ olú-ìlú Ọ̀yọ́ rí, nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé dahoro, àti pé Igbó Ọba tó wà níhìn-ín ni wọ́n sin àwọn Aláàfin kan sí, Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ wà lára wọn. Ó bi mí bí wọ́n ti ń kó ẹrù ààfin láti Ọ̀yọ́-Ilé dé ibí láìsí ọkọ̀. Mo ní ẹsẹ̀ ni, àti ẹṣin. A jọ dákẹ́, a ń wo ojú ọ̀nà tá a gbà wá.

Ọjọ́ Karùn-ún, Ẹtì: Ìgbòho sí Kíṣí sí Ìgbẹ́tì

Àárọ̀ la dé Kíṣí. Iṣu ti tò sílẹ̀ ní òkìtì òkìtì. Àǹtí ra 120, ₦1,200 ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìnájà tó gùn, wọ́n sì fẹ́ fi 80 kún un. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ṣírò rẹ̀ fún wọn: èlùbọ́ tó wà lẹ́yìn ń lọ bíi 280 kílò, iṣu yìí ń lọ bíi 360, àwa mẹ́ta tún wà níbẹ̀. Hilux kì í kọ ẹrù, táyà ló ń kọ ọ́. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Àjàní, ó dáa, ìwọ lo ni ọkọ̀." Mo ní kí wọ́n to iṣu sún mọ́ iwájú, kó má baà kó gbogbo ìwúwo lé ẹ̀yìn, mo sì fi afẹ́fẹ́ kún táyà ẹ̀yìn méjèèjì dé iye tí ìwé ara ilẹ̀kùn kọ fún ọkọ̀ tó rù.

Nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tá a kúrò ní Kíṣí, ọwọ́ aago ooru bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo pa amúlétutù. Kò dúró. Kí ó tó wọ pupa, mo yà sí iwájú agboolé kan, mo pa ẹ́ńjìnì. Èéfín funfun ń jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Dàmọ́lá ti na ọwọ́ sí ìdérí rẹdiétọ̀, mo gbá a lọ́wọ́ mú. Omi tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn á fò síni lójú, á sì bó awọ ojú. A dúró tó ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta.

Kò sí mẹkáníìkì tá a lè pè. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, gbogbo ọkùnrin ti lọ sí mọ́ṣáláṣí. Obìnrin kan nínú agboolé náà ń se òrí nínú ìkòkò ńlá, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àyíká. Ó fún Àǹtí ní àpótí jókòó. Ó gbé garawa omi méjì fún wa, kànga ló sì ti fà á. Nígbà tí Àǹtí fẹ́ fún un lówó, ó ní, "Ọmọ tèmi náà wà lójú ọ̀nà, Èkó ló ń wakọ̀ lọ." Àǹtí wá ra òrí lọ́wọ́ rẹ̀, igbá mẹ́ta, wọn ò ná an.

Nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, a rí ibi tó ti ń jò. Rọ́bà òkè tó gbé omi wọ rẹdiétọ̀ ti ya létí, lábẹ́ kílíìpù, ní ìwọ̀n èékánná. Rọ́bà náà gùn tó láti fara da kí a gé e díẹ̀. Mo fi súkúrúdíráífà dẹ kílíìpù, mo fa rọ́bà yọ, mo fi ọ̀bẹ gé ibi tó ya dànù títí dé ibi tó ṣì le, mo tì í padà, mo sì dì í. Mo fi àkísà nípọn bo ìdérí, mo rọra ṣí i, a da omi sí i, a ṣíná, a jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú omi lè jáde, a tún fi omi kún un. Ẹ má da omi tútù sí ẹ́ńjìnì tó ṣì gbóná, irin á sán. Omi lásán yìí, ti dídé ilé ni. Omi aláwọ̀ tí wọ́n ń tà fún rẹdiétọ̀ ló yẹ ibẹ̀, ó ń dènà ìpẹtà.

Bí a ti ń dúró, mo yọ fílítà afẹ́fẹ́. Eruku ọyẹ́ ọjọ́ márùn-ún ti sọ ọ́ di pupa. A gbọ̀n ọ́n, a fẹ́ ẹ láti inú síta. Ọkọ̀ fúyẹ́ lẹ́sẹ̀ mi lẹ́yìn ìyẹn, pẹ̀lú gbogbo iṣu tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ la wọ Ìgbẹ́tì. Òkè Àgbélé dúró gbọin lórí ìlú, oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Iyán, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ẹran ìgbẹ́: ₦2,500.

Ọjọ́ Kẹfà, Àbámẹ́ta: Ìgbẹ́tì sí Mọníyà

Mo fi sípánà tẹ nọ́ọ̀tì mẹ́rìnlélógún wò kí a tó lọ. Kò sí èyí tó mì. Omi rẹdiétọ̀ ò dín.

Láti Ìgbẹ́tì dé Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó òkúta mábù ń da ẹ̀rún sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Mi ò jẹ́ kí wọ́n ṣíwájú mi nítòsí, ẹ̀rún òkúta wọ̀nyẹn mú bí abẹ. Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ kò tíì dára tán. Ẹ má gbà á lálẹ́ bí ẹ bá ru ẹrù. A dé Mọníyà ní aago márùn-ún ààbọ̀, kò sí iṣu kan tó ṣẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Dàmọ́lá fúnra rẹ̀ sọ sípíà kalẹ̀. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ṣéènì, ó fi gírísì pa á, ó fà á sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún fà á sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Mo kọ ọjọ́ tá a ṣe é sára ògiri gáréèjì pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì: ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la ó máa ṣe é. Lẹ́yìn náà ó jókòó sójú táyà 1114, ó ń wo àwọn ibi tó ti sán. Àǹtí ti fi owó táyà mìíràn ránṣẹ́ lára èrè èlùbọ́, wọ́n ní kí n má jiyàn. A lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á. Èyí àkọ́kọ́ tí ọlọ́jà gbé wá ń dán bí ojú dígí, tókúnbọ̀ ni, wọ́n sì ti fi nǹkan dúdú kùn ún. Dàmọ́lá ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, ó ń wá nọ́ńbà mẹ́rin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbórí sókè, ó mi orí sí mi, a sì ní kí ọlọ́jà gbé òmíràn wá.